Ogun tí Jápàn Gbé Ja Àwọn Ará Ṣáínà: Ìwádìí tí Ó Kan Ìkẹjà àti Agége

Láti òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé ìdí rélùwéè Agége, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó sọ ilẹ̀ tí àwọn Àwórì ń dáko lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ibi tí ẹ̀yà gbogbo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti pín ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ níbẹ̀. Lára àwọn tí ó wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n gba Hong Kong wá, títí dòní ni òpópónà kan ní Ògbà sì ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn, Wempco. Ilé-iṣẹ́ CCECC, tí ó jẹ́ ti Ṣáínà bákan náà, ni ó ṣe ojú irin tuntun tí ó gba Agége kọjá lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Alùpùpù Honda tí ó ń ná àwọn àdúgbò wọ̀nyí, Jápàn ni orísun rẹ̀, Ọ̀tà tí kò jìnnà sí Agége ni wọ́n sì ti ń tò ó. Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn Ìkẹjà àti Agége ń fi ọwọ́ kan iṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín Jápàn àti Ṣáínà ní ọdún 1931 sí 1945, àwọn tí ó mọ bí àwọn olùwádìí ṣe wá òótọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí ẹni tí ó mọ̀ pé ogun náà ni ó gbé àwọn ọmọ Yorùbá dé igbó Bọ́mà.

Ọ̀rọ̀ ojú irin ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1931, àwọn ọ̀gá ológun Jápàn kan fi àdó olóró ba apá kan jẹ́ lára ojú irin tí ó wà ní ìkáwọ́ Jápàn fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ìlú Mukden, tí wọ́n ń pè ní Shenyang lónìí, ní àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà, wọ́n sì pariwo pé àwọn ará Ṣáínà ni ó ṣe é. Àwáwí yìí ni wọ́n fi gba gbogbo agbègbè Manchuria, tí wọ́n sì gbé ìjọba kan kalẹ̀ níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ohun tí Jápàn bá wí ni ó ń ṣe. Ṣáínà gbé ẹjọ́ lọ bá League of Nations, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà kí wọ́n tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì rán ìgbìmọ̀ kan, tí Lord Lytton ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ alága rẹ̀, pé kí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1932, sọ pé ohun tí Jápàn ṣe kò ṣeé pè ní ìdáàbòbò ara ẹni. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè sì tẹ́wọ́ gba àbọ̀ náà ní ọdún 1933, Jápàn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí àkọ́kọ́ nìyẹn, ó rí òótọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbé ọwọ́ sókè láti dá ẹni tí ó jẹ̀bi dúró.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1937, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ níbi afárá kan lẹ́bàá Beijing, ó ràn dé Shanghai, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Jápàn wọ Nanjing, tí ó jẹ́ olú-ìlú Ṣáínà nígbà náà. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ń pa àwọn ṣọ́jà tí ó ti túúbá, wọ́n ń pa ọkùnrin tí wọ́n kàn fura sí pé ó ti ṣe ṣọ́jà rí, wọ́n ń fipá bá obìnrin lò pọ̀ láìka ọmọdé tàbí arúgbó sí, wọ́n sì ń dáná sun ilé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ẹrù inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfurufú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò bọ́ǹbù sórí Chongqing tí ìjọba Ṣáínà sá lọ, tí wọ́n sì ń jó àwọn ìletò àríwá run pẹ̀lú ọgbọ́n ogun tí àwọn ará Ṣáínà fún ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pípa gbogbo wọn, sísun gbogbo rẹ̀, kíkó gbogbo rẹ̀. Ní Pingfang lẹ́bàá Harbin, ẹ̀ka ológun kan tí wọ́n ń pè ní Unit 731, tí dókítà ológun Shiro Ishii jẹ́ olórí rẹ̀, ń fi kòkòrò àrùn sí ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti mọ bí wọn yóò ṣe kú, ó ń la ara ẹlòmíràn nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi ọkọ̀ òfurufú da eégbọn tí ó ní àjàkálẹ̀ àrùn lára sórí àwọn ìlú bíi Ningbo ní ọdún 1940 àti Changde ní ọdún 1941. Àwọn òpìtàn sábà máa ń fi iye àwọn ará Ṣáínà tí ó kú láàárín ọdún 1937 sí 1945 sí mílíọ̀nù 15 sí 20, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ogun ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí Jápàn kéde ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1945 pé òun ti túúbá, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kọjá kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ rẹ̀, inú ọ̀sẹ̀ méjì yìí sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ológun dáná sun ìwé ní Tokyo àti ní àwọn ibùdó wọn káàkiri, Unit 731 náà sì ti wó ilé tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ palẹ̀ bí ogun ṣe ń parí lọ. Ohun tí ó sọ iṣẹ́ àwọn olùwádìí di iṣẹ́ ńlá nìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìdí òótọ́ múlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìwé àṣẹ tí yóò kà, ó ní láti lọ bá ẹni tí ó rí i, ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó sin òkú, ẹni tí ó ya àwòrán, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan dán ti èkejì wò.

Ní Nanjing, àwọn ẹlẹ́rìí pọ̀. Àwọn àjòjì díẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti sá kúrò nínú ìlú ya apá kan sọ́tọ̀ fún ààbò àwọn tí kò gbé ohun ìjà, níbi tí àwọn tí ó sá wọ ibẹ̀ ti lé ní 200,000. Olórí wọn ni John Rabe, ọmọ Jámánì tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ Siemens ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó ní ìdí láti ba ọ̀rẹ́ ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Síbẹ̀ ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, ìwé náà wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 1996 kí wọ́n tó gbé e jáde fún aráyé. Minnie Vautrin, obìnrin Amẹ́ríkà tí ó ń ṣàkóso kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin kan, fi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà dáàbò bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin àti ọmọ, òun náà sì kọ ìwé ojoojúmọ́ tirẹ̀. Pásítọ̀ John Magee ní ẹ̀rọ tí ó fi ń ya fíìmù, ó sì fi ya àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ohun tí ó rí láàárín ìlú.

Fíìmù Magee yìí fi bí ẹ̀rí kan ṣe ń ti èkejì lẹ́yìn hàn kedere. Ó kọ sílẹ̀ pé òun dé ilé kan tí wọ́n ti pa gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ àfi ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tí wọ́n ti gún lọ́bẹ, àti àbúrò rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, pé àwọn ọmọ méjèèjì ni ó sì wà nínú ilé pẹ̀lú òkú ìyá wọn fún ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà yè, orúkọ rẹ̀ ni Xia Shuqin, ó dàgbà, ó sì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún aráyé. Nígbà tí òpìtàn ará Jápàn kan kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe òun ni ọmọ inú àkọsílẹ̀ náà, ó gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Jápàn, àwọn adájọ́ ilẹ̀ Jápàn sì dá a láre, títí tí ẹjọ́ náà fi parí ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 2009, ó lé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Bí Magee kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó kan ṣoṣo ni yóò kù. Bí Xia kò bá yè, àwòrán tí kò ní orúkọ ni yóò kù.

Iye òkú ni ó fa àríyànjiyàn jù. Ilé-ẹjọ́ àgbáyé tí ó jókòó ní Tokyo lẹ́yìn ogun sọ pé àwọn tí wọ́n pa ní Nanjing àti àyíká rẹ̀ lé ní 200,000, ilé-ẹjọ́ Ṣáínà tí ó jókòó ní Nanjing sọ pé wọ́n jẹ́ 300,000, àwọn òpìtàn Jápàn kan tí wọ́n gbà pé ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀ sì fi í sí nǹkan bí 40,000. Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ìyàtọ̀ yìí ti wá. Ẹnìkan ka àwọn ìletò tí ó yí ìlú ká mọ́ ọn, ẹlòmíràn kò kà wọ́n; ẹnìkan ka ṣọ́jà tí wọ́n pa lẹ́yìn tí ó ti sọ ìbọn sílẹ̀, ẹlòmíràn sọ pé ojú ogun ni ó kú sí. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tí ó ń sin òkú ní Nanjing kọ iye tí ó sin sílẹ̀, ó lé ní 40,000, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka àwọn tí odò Yangtze gbé lọ. Àwọn ará Ìkẹjà mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, àwọn ènìyàn ń sá nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí àwọn ọmọdé pọ̀ láàárín wọn, sì kó sínú kànáàlì Òkè-Àfà. Òkú tí wọ́n rí lé ní 1,000, síbẹ̀ nínú ìlú tí ó ní rédíò, ìwé ìròyìn àti ilé ìwòsàn, ní àkókò tí kò sí ogun, ẹnu kò kò sórí iye kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni pé níwọ̀n ìgbà tí iye kò dọ́gba, ìpànìyàn náà kò ṣẹlẹ̀.

Apá tí ó yẹ kí ó wú ẹni tí ó ń ka ìtàn yìí lórí jù ni ti àwọn ọmọ Jápàn tí wọ́n wádìí ìwà àwọn baba wọn fúnra wọn. Honda Katsuichi, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Asahi Shimbun, lọ sí Ṣáínà ní ọdún 1971, ó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó yè, ó sì gbé e jáde fún àwọn ará ilé rẹ̀ láti kà nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn ṣọ́jà tí Ṣáínà ti há mọ́ tí wọ́n sì padà sílé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1957, wọ́n sì ń fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Ienaga Saburo, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, pe ìjọba lẹ́jọ́ ní ọdún 1965 nítorí pé àwọn tí ó ń yẹ ìwé wò ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní kí ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan kúrò tàbí kí ó rọ̀ wọ́n lójú. Ẹjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó pè, ọdún 32 ni ó fi ń jà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì pàdánù, ṣùgbọ́n ní ọdún 1997 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìjọba rú òfin nígbà tí ó ní kí ó yọ ọ̀rọ̀ Unit 731 kúrò nínú ìwé rẹ̀. Yoshimi Yoshiaki, òun náà ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun Jápàn, ó sì gbé àwọn ìwé jáde ní ọdún 1992 tí ó fi hàn pé àwọn ológun ni ó ń ṣètò àwọn ilé tí wọ́n ti ń fipá bá àwọn obìnrin Kòríà, Ṣáínà àti ilẹ̀ mìíràn lò pọ̀ fún ìgbádùn ṣọ́jà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìjọba Jápàn jẹ́wọ́ pé àwọn ológun ní ọwọ́ nínú rẹ̀, tí ó sì tọrọ àforíjì. Iná tí wọ́n dá ní ọdún 1945 kò jó gbogbo ìwé tán.

Ti Unit 731 yàtọ̀, ó sì bani nínú jẹ́. Amẹ́ríkà fi Ishii àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ láìpè wọ́n lẹ́jọ́, kí wọ́n lè kó àbájáde ohun tí wọ́n ti ṣe lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n fún un. Rọ́ṣíà ni ó gbé ọmọ ogun Jápàn 12 sí ilé-ẹjọ́ ní ìlú Khabarovsk ní oṣù Kejìlá ọdún 1949 nítorí ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n nítorí pé Rọ́ṣíà ni ó sọ ọ́, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pè é ní ìpolongo òṣèlú, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí àwọn ìwé mìíràn tó jáde láti ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ọ̀tá ni ó sọ òótọ́, nítorí náà wọ́n kọ etí ikún sí òótọ́. Ní ọdún 2006, Jápàn àti Ṣáínà gbà láti yan àwọn òpìtàn tí yóò jọ jókòó wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 2010, àwọn ti Jápàn gbà nínú rẹ̀ pé ogun ìfipágbalẹ̀ ni orílẹ̀-èdè wọn jà àti pé ìpànìyàn ṣẹlẹ̀ ní Nanjing, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn kò kò lórí iye.

Bí ogun yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ Yorùbá kò ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Jápàn ti gba àwọn èbúté Ṣáínà, ọ̀nà pàtàkì tí ó kù fún Ṣáínà láti rí ohun ìjà àti epo ni ọ̀nà ilẹ̀ tí ó gba orí òkè wá láti Bọ́mà, tí ó gùn ju kìlómítà 1,100 lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ bí 200,000 fi ọwọ́ gbẹ́. Jápàn bínú sí ọ̀nà yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi halẹ̀ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí tí ó fi tì í fún oṣù mẹ́ta ní ọdún 1940. Ní ọdún 1942 ó wọ Bọ́mà fúnra rẹ̀, ó sì gé ọ̀nà náà. Ọdún náà ni ó gba Malaya, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí rọ́bà àti kùsà tí wọ́n fi ń ṣe agolo, nítorí náà wọ́n yíjú sí Nàìjíríà, wọ́n fi agbára kó nǹkan bí 100,000 ọkùnrin lọ wa kùsà ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń rọ àwọn ará oko ní ilẹ̀ Yorùbá àti Bìní pé kí wọ́n gba oje rọ́bà, kí wọ́n sì pa èkùrọ́ sí i. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí wọ́n ṣe ní àkókò ogun náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ogun náà fi sílẹ̀ ní agbègbè yìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan tí wọ́n ń pè ní 81st Division, tí wọ́n kó jọ ní ọdún 1943 láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, wọkọ̀ lọ sí Íńdíà, wọ́n sì wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí ọkọ̀ kò lè gbà, tí wọ́n fi orí ru ẹrù, tí oúnjẹ sì ń já bọ́ sí wọn láti òfurufú. 82nd Division tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì jọ gba ìlú Myohaung ní oṣù kìíní ọdún 1945. Bátàlíọ̀nù mẹ́ta láti Nàìjíríà, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá, wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Chindit, tí wọ́n wọ ẹ̀yìn àwọn ọmọ ogun Jápàn ní àríwá Bọ́mà ní ọdún 1944. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ogun Ṣáínà tí ọ̀gágun Stilwell ti Amẹ́ríkà ń darí ti ń jà bọ̀ láti tún ọ̀nà ilẹ̀ wọn ṣí. Ọ̀tá kan náà ni ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Ṣáínà ń bá jà nínú igbó kan náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ara wọn. Àwọn bárékè tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn ń kọjá lójoojúmọ́ ni ó gbé orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti jà: Dodan ní Ìkòyí, Arakan ní Àpápá, Myohaung ní Yábàá, Letmauk ní Ìbàdàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà tí ó kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀ ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jápàn yìnbọn lu ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn tí ó wà létí odò Kaladan, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìbọn sì ba òun ní ẹsẹ̀ àti ikùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, wà nínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó sì ń fi wọ́n pamọ́, tí ó ń fún wọn ní oúnjẹ, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn ará Jápàn bá rí i, ẹ̀mí òun àti ti ìdílé òun ni yóò bá a lọ. Ìwé ìrántí Fadoyebo jáde ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Akọ̀ròyìn Barnaby Phillips tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó wá ìdílé Shuyiman rí ní Bọ́mà, ó sì ṣe fíìmù ní ọdún 2011 àti ìwé ní ọdún 2014. Fadoyebo kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2012. Ẹ̀rí rẹ̀ níye lórí fún ìwádìí nítorí pé kò sọ nípa ìbọn nìkan; ó sọ nípa bí àwọn ará ìletò ṣe wà láàárín ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì, èyí tí àwọn olùwádìí Ṣáínà náà ń wá lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ tiwọn.

Àwọn tí wọ́n bá Fadoyebo lọ tí wọn kò kọ ìwé ni ó pọ̀ jù, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni wọ́n. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn bátàlíọ̀nù wà ní irú ilé ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ní Kew ní London, ṣùgbọ́n apá tí ó kan ènìyàn gan-an, bíi lẹ́tà, fọ́tò, ìwé ìgbowó-oṣù ṣọ́jà àti àmì ẹ̀yẹ Burma Star, wà nínú àpótí àti lẹ́yìn fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ní ilé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, ní Agége bí ó ti wà ní Ọ̀wọ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ìgbowó-oṣù náà ni ó wúlò jù fún olùwádìí, nítorí pé nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, èyí tí wọ́n fún ṣọ́jà Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan, lè mú un dé bátàlíọ̀nù tí ẹni náà wà, bátàlíọ̀nù yóò sì mú un dé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ó sọ ìlú tí wọ́n sùn, odò tí wọ́n là kọjá, àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà, àti ìletò tí wọ́n bá tí àwọn ọmọ ogun Jápàn ti kọjá níbẹ̀ kí wọ́n tó dé.